Mo Dé Ọjà Igbó, Mi Ò Yà Nílé

Kí ẹlòmíì tó fi epo fi iyọ̀ sí i fún yín, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi Marufat, ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rọ, ní agboolé tó wà lẹ́yìn Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi ni mo hu ìwà náà. Kò sẹ́ni tó tì mí sí i. Ẹ má bá mi di ẹ̀bi ru Èṣù, Èṣù ò sí nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn, àwọn kan ò kà á sí iṣẹ́. Mo máa ń kó àwọn tí ariwo ìlú ńlá ti sú jáde láàárọ̀ Sátidé. A ó lọ síbi tí atẹ́gùn wà, a ó rìn, a ó jẹun, a ó ya fọ́tò, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, oníkálukú ti padà sílé ẹ̀. Ọjọ́ kan péré. Kò sí pé à ń sun hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí pé à ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tí iṣẹ́ ò jẹ́ kó mí láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Mi ò kì í fi iṣẹ́ mi tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni.

Màámi gan-an ni kò tètè yé. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n lè wá wo Ọ̀yọ́ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Kí ló wà níbẹ̀ tí wọn ò rí rí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Ata ni màámi ń lọ̀ fáwọn èèyàn. Ẹ̀rọ náà wà níwájú ilé wa kí n tó dáyé, èéfín ẹ̀ ti sọ ògiri iwájú ilé di dúdú, òun ló sì rán mi nílé ìwé títí mo fi jáde Poli. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ìyá Ẹlẹ́rọ.

Láti Iléyá ọdún tó kọjá, mi ò tíì délé. Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ dẹ̀ rèé! Ẹni tó bá jẹun yó ní Ìbàdàn láàárọ̀, ebi ò ní í tíì pa á tó fi máa débẹ̀. Mò ń sọ lórí fóònù pé iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni. Àwọn èèyàn agboolé wa bẹ̀rẹ̀ sí fi màámi ṣe yẹ̀yẹ́. Oyèrónkẹ́, ìyàwó ilé wa kan tó ń ta òkìrìkà ní Ọjà Igbó, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí ti màámi, ló bi wọ́n lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ilé pé, "Màmá, ṣé Ìbàdàn náà ni ọmọ yín wà, àbí ó ti ré òkun kọjá tẹ́ ẹ̀ ń pa á mọ́ fún wa?" Màámi ló sọ ọ́ fún mi fúnra wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú.

Nígbà tó di ọjọ́ Tọ́sìdeè kan lóṣù kẹrin ọdún yìí, mo pè wọ́n. Mo ní, "Màámi, lọ́jọ́ Sátidé, èmi àtàwọn àlejò mi máa gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá." Ìgbéraga ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu, ẹ má rò pé ìfẹ́ ni. Wọ́n ní, "Alihamudulilai. Marufat, mi ò ní kó o sùn. Mi ò tiẹ̀ ní kó o jókòó. Ṣáà yà, kí ará ilé fojú kàn ẹ́. Kí àwọn àlejò ẹ náà bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kí mi lásán, kí wọ́n máa lọ. Tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi, o bò mí láṣìírí."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, màámi. Màá yà."

A kúrò ní Ìbàdàn ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé. Èèyàn méjìdínlógún ni wọ́n, ilé báńkì kan náà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹni tó kó wọn wá ń jẹ́ Fọláṣadé, ọ̀gá wọn níbẹ̀, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tó wọ bàtà funfun. Ó ti sọ fún mi ṣáájú pé bí ìrìn yìí bá dùn mọ́ àwọn, gbogbo ẹ̀ka báńkì àwọn tó wà ní Ìbàdàn lòun máa bá mi fà wá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Mùílì ló ń wa bọ́ọ̀sì wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, àtìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń ṣe é, ó mọ ilé wa bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

Ọ̀yọ́ la kọ́kọ́ dúró. A wọ Ọjà Akẹ̀sán nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ, àwọn àlejò mi ń tọ́wọ́ kan gbogbo nǹkan bí ọmọdé. Lẹ́yìn ẹ̀ la lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fín igbá. Bàbá arúgbó kan jókòó sórí àpótí, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì di igbá mú, ọ̀bẹ ń rìn lára igbá láì wò ó. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá náà, orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Bàbá ṣàdúrà fún mi. Mo dìde, mo kọjú sáwọn àlejò mi, mo ní, "Ẹ wò ó, níbí yìí, ọmọ tó bá kọjá níwájú àgbà láì kí i, wọn ò ní bi í ní orúkọ ẹ̀, orúkọ ìyá ẹ̀ ni wọ́n máa béèrè." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Madam Fọláṣadé ní kí n tún kúnlẹ̀, kó lè yà á dáadáa sí fóònù. Mo tún kúnlẹ̀. Bàbá oníbàbá o! Ẹ̀ẹ̀mejì!

Láti ibẹ̀, a forí lé ọ̀nà Ìrẹsà, lóko Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, olùkọ́ tó ń dáko máńgòrò àti kaṣú. Àsìkò máńgòrò ló bọ́ sí. Àwọn ará báńkì bọ́ bàtà, wọ́n ń fi ọ̀pá já máńgòrò, omi ẹ̀ ń ṣàn dé ìgbúnwọ́ wọn. Madam Fọláṣadé fúnra ẹ̀ jẹ mẹ́fà. Ó ní òun ò tíì rẹ́rìn-ín báyìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi òun jọ̀gá. Àwa tó yẹ ká kúrò lóko laago kan, aago mẹ́ta lù ká tó gbéra. Ẹ rí i, mo ti ń wá ẹni tí màá dẹ́bi rù. Oko kọ́, aago kọ́. Àyè ṣì wà dáadáa.

Nígbà tá a dé Ọjà Igbó, wọ́n ní àwọn fẹ́ ra kaṣú yíyan tí wọ́n máa gbé lọ sílé. Mùílì páàkì. Bí wọ́n ṣe rajà tán tí wọ́n ń wọlé padà, Madam Fọláṣadé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń tẹsẹ̀ pọ̀. Ó ní, "Marufat, jọ̀ọ́, máńgòrò ti kó bá mi. Mo fẹ́ lo tọ́ílẹ̀ẹ̀tì kíákíá. Ṣé o ò mọ ilé ẹnì kan nítòsí ibí?"

Ibi tá a dúró sí yẹn, tí èèyàn bá rọra rìn, kò ní í lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi máa délé wa. Màámi wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń dúró dè mí láti àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ṣálángá ilé wa ni mo rí lọ́kàn mi. Páànù tó ti dógùn-ún, àpò gáàrì tá a fi ṣe ilẹ̀kùn, ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tó wó nígbà òjò èṣí. Mo rí bàtà funfun yẹn lórí pákó ibẹ̀. Mo rí ewúrẹ́ wa tí kì í bẹ̀rù èèyàn. Mo rí màámi tí ọwọ́ wọn ti pọ́n fún ata, tí wọ́n á fẹ́ dì mọ́ gbogbo èèyàn, tí wọ́n á máa sọ bí mo ṣe tọ̀ sílé títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo rò ó pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, gbogbo báńkì á ti gbọ́ ibi tí Marufat ti wá.

Mo ní, "Háà, mi ò mọ ẹnì kankan níbí o, Madam. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ilé epo kan wà níwájú."

Mi ò mọ ẹnì kankan níbí. Ẹ gbọ́ nǹkan tó ti ẹnu mi jáde. Àdúgbò tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ!

Mùílì gbọ́. Ó yíjú sí mi láti ibi tó jókòó sí, ó rọra ní, "Àǹtí, ilé ńkọ́?"

Mo ní, "Ta ló bi ẹ́? Wa mọ́tò ẹ jàre!" Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tí ọ̀rọ̀ bá ti bá mi wí, ẹnu ni mo máa ń là mọ́ ẹni tó sọ ọ́.

Bọ́ọ̀sì ò tíì rìn tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan láàárín ọjà. "Ẹyinjú-ẹgẹ́! Ẹyinjú-ẹgẹ́ o!" Oyèrónkẹ́ ni. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, orúkọ tó fún mi nígbà tí wọ́n gbé e wọlé nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíì tó ń jẹ́ ẹ ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo mọ̀. Ó gbé ṣòkòtò jíǹsì bíi mẹ́wàá lé èjìká, ó ń sáré bọ̀, ó ń juwọ́, gbogbo eyín ẹ̀ wà níta. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo ti gíláàsì wíńdò pa.

Madam Fọláṣadé ní, "Ta ni obìnrin yẹn ń pè?" Mo ní mi ò mọ̀.

Bá a ṣe ń padà lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ń kọrin. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi ní gbàgede tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀. Madam Fọláṣadé dì mọ́ mi, ó ní ẹ̀ka báńkì méjì ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo délé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tèmi ti bàtà, mo gbé fóònù sí iwájú mi, mò ń retí kí màámi pè kí wọ́n bú mi. Wọn ò pè.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi ni mo pè. Wọ́n ní, "Ṣé àwọn àlejò ẹ délé láyọ̀?" Mo ní wọ́n délé mà. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ẹ̀rọ ń pariwo, mi ò gbọ́ ẹ dáadáa." Wọ́n gé e. Kò sí èébú, kò sí "o ò ṣe dáadáa." Ká ní wọ́n bú mi ni, ká ní wọ́n ṣépè pàápàá, ara ì bá tù mí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń bá gbogbo ayé jà. Mo bá onílé jà nítorí omi. Mo bá Mùílì jà nítorí pé ó kí mi. Ojú ń tì mí, mi ò sì fẹ́ kẹ́nì kankan rí i.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mi ò kó ẹnì kankan jáde. Mo wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti to irọ́ mi kalẹ̀ látojú ọ̀nà: ọ̀kan nínú àwọn àlejò ni òòyì kọ́, ó dákú, a ń sáré gbé e lọ sọ́sìbítù. Irọ́ náà dáa. Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi tó ìgbà mẹ́wàá, mo ti fẹ́ gbà á gbọ́ fúnra mi.

Oyèrónkẹ́ ni mo kọ́kọ́ bá ní ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Mo fún gbogbo ara pọ̀. Mo ti mọ ahọ́n ẹ̀. Àfi bó ṣe ju ìgbálẹ̀ nù, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹyinjú-ẹgẹ́, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ tún ti dé? Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun búrẹ́dì ọjọ́sí o!"

Mo dúró. Búrẹ́dì wo?

Ó ní, "Búrẹ́dì tẹ́ ẹ fún Màmá lójú títì náà ni. Áà, ẹ má bínú sí mi o. Èmi ni mo kọ́kọ́ sáré wálé tí mò ń pariwo pé mo pè yín, ẹ wò mí lójú, ẹ ti wíńdò pa. Pé Màmá tó ti gbálẹ̀ láti ìdájí, tí wọ́n yá àga ní mọ́ṣáláṣí torí àwọn àlejò yín, ẹ ti kọjá lọ. Màmá ní irọ́ ni mo pa, pé ẹ ò rí mi ni. Wọ́n ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àwọn ni, pé ẹ ń dúró de àwọn ní títì nítorí àwọn àlejò yín ń kánjú. Wọ́n da ìborùn borí, wọ́n jáde. Nígbà tí wọ́n máa padà dé, búrẹ́dì ńlá márùn-ún! Wọ́n ní ẹ ní ká pín in. Kò sí yàrá tí kò kàn nínú ilé yìí."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ mọ̀ ọ́n. Níbi tiwa, ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ dé, búrẹ́dì ló fi ń sọ fún ará ilé pé òun rántí wọn. Wọ́n á gé e, wọ́n á gbé e dé yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gba tiẹ̀ á béèrè pé ta ló dé, wọ́n á sì dárúkọ ẹ̀. Mi ò pe màámi lọ́jọ́ náà. Mi ò dúró ní títì kankan. Nígbà tí bọ́ọ̀sì wa ti ń sáré lọ sí Ìbàdàn, màámi ń dá rìn lọ sí Ọjà Igbó, wọ́n ń ra búrẹ́dì tí wọ́n máa fi gbé orúkọ mi wọlé.

Mo wò wọ́n. Wọ́n wà nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ń fọ ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú omi àti ìgbálẹ̀ kékeré. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n dìde, mo tẹ̀ lé wọn wọ yàrá. Mo gbé báàgì ọsàn tí mo rà fún wọn sílẹ̀, mo kúnlẹ̀. Irọ́ òòyì, irọ́ ọ̀sìbítù, gbogbo ẹ̀ ti fò lọ lórí mi. Mo ní, "Màámi..."

Wọ́n ní, "Ṣé o ti jẹun?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ Sátidé yẹn, èmi..."

Wọ́n ní, "Ará ilé á máa wá dúpẹ́ búrẹ́dì. Tí wọ́n bá ti dúpẹ́, kó o dá wọn lóhùn." Wọ́n mú ọsàn kan nínú báàgì, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n dá a padà. "Ó dáa. Ó pọ́n dáadáa." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn, wọ́n jáde lọ bá ẹni tó gbé ata wá.

Àwọn ará ilé sì wá dúpẹ́ lóòótọ́. Raliat wá, Haneefah wá, ìyá arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́ di ọwọ́ mi mú pé búrẹ́dì náà rọ̀ débi pé kò nílò eyín. Mò ń sọ pé, "Kò tọ́pẹ́ mà. Kò tó nǹkan mà." Mo rò pé ilẹ̀ máa là, kò là.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bàbá Ọládipúpọ̀, olórí ilé wa, ní kí gbogbo ilé pé jọ sí ojúde. Wọ́n ní kí n jókòó síwájú. Wọ́n ní, "Marufat, torí ẹ ni mo ṣe pè wọ́n. Saifudeen ọmọ mi wà ní Ìlọrin. Ìlọrin níbí! Ọdún méjì, kò fi ẹyọ búrẹ́dì kan ránṣẹ́. Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Mo ní kó lọ kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ ọmọ Ìyá Ẹlẹ́rọ, tó ń kó àlejò lẹ́yìn, tí kò sì gbàgbé ilé. Ó sunkún sí mi létí."

Èyí ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ sunkún nítorí mi! Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe èmi..."

Màámi gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu kíá. "Ó ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà ni, Bàbá. Ẹ ṣáà bá mi ṣàdúrà fún un." Wọ́n sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n wọ́n wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò mí lójú látìgbà tí mo ti dé nìyẹn. Mo rí i pé bí mo bá là á, kì í ṣe èmi nìkan ni mo máa tú síta. Obìnrin tó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé, gbogbo ilé á mọ̀ pé ó fi búrẹ́dì purọ́ ọmọ fún wọn. Mo pa ẹnu mi dé.

Bàbá tẹ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀nà mi ò ní í dí. Gbogbo ilé ní àmín, ohùn màámi ló ga jù. Wọ́n ní àwọn àlejò mi á máa pọ̀ sí i. Àmín. Wọ́n ní mi ò ní í pàdé aburú lójú títì. Àmín, màámi tiẹ̀ ń fọwọ́ nu ojú.

Bàbá wá gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Marufat, ohun tó o ṣe fún ìyá ẹ lọ́jọ́ Sátidé yẹn, bó o ṣe ṣe é gẹ́lẹ́, Ọlọ́run Ọba á jẹ́ kí àwọn ọmọ tí wàá bí náà ṣe é fún ẹ."

Gbogbo ilé hó yèè pé, "Àmín!" Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń retí tèmi. Mo ní àmín.

Màámi nìkan ni kò ṣàmín.